Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Lórí Òrí àti Bátìrì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bámgbóyè Ọlágúnjú jẹ́, ẹ bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Kò ní sọ fún yín pé iṣu ni. Yóò kọ́kọ́ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ra iṣu náà ní Stone Mountain, yóò ṣàlàyé ìdí tí kò fi ra ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, yóò yà sọ́dọ̀ bàbá tó bí i lọ́mọ, tó ń gbin iṣu létí odò Ọbà ní Ìwó, kó tó wá padà sídìí ìkòkò. Nígbà tó bá máa fi dé orí ẹyin tó fi jẹ ẹ́, oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀. Yéjídé ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ọkọ òun ti kún agbọ̀n, ó ti ń kún gáréèjì lọ.

Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká bíi gbogbo ẹni tó ti fi ogójì ọdún bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹ́ńjìnnì. Rewáyà ni, iná mọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Riverdale tí mọ́tò méjì lè wọ̀ bí wọ́n bá fa ikùn mọ́ra. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń jáde iṣẹ́, àwọn awakọ̀ Uber, àwọn pásítọ̀ tí mọ́tò wọn kò dá wọn lóhùn láàárọ̀, òun ni wọ́n ń pè. Bó bá ti tún iná ṣe tán, á ṣí ike kékeré kan, á fi ìka bu òrí, òrí gidi tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára, á fi pa orí bátìrì.

Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Sàlímátù ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà, bátìrì ṣájà ni, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Ìwó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Bámgbóyè fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ń sùn, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, tí Bámgbóyè sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kò mọ̀wé rárá. Bí ìwé kan bá délẹ̀ tó yẹ kó fọwọ́ sí, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ìdérí bátìrì, tó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, á sọ ihò tó ti kú nínú rẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Àwọn ọ̀gá mìíràn láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ po ásíìdì, wọ́n á rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra gúgúrú kó má baà rí i. Bàbá Sàlímátù á ní, "Bámgbóyè, sún mọ́bí, wá wò ó dáadáa." Òun ló sọ fún un pé ásíìdì ń mí, pé èémí rẹ̀ ló ń di ìyẹ̀fun funfun tó ń hù sórí bátìrì, tó ń jẹ irin rẹ̀ títí iná kò fi ní kọjá mọ́. "Fi òrí dí i lẹ́nu," ni Bàbá máa ń wí. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo onímọ́tò tó mọ̀ ọ́n á yà, Bàbá á tún òrí pa fún wọn, wọ́n á máa lọ.

Ní Atlanta, kò sí ẹni tó ń yà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí Bámgbóyè bá fi òrí pa bátìrì rẹ̀ lónìí, ó lè di àmọ́dún kí wọ́n tó tún fojú kanra. Kí ooru oṣù keje tó lọ, òrí ti yọ́, ó ti ṣàn dànù, ìyẹ̀fun funfun ti gba ipò rẹ̀. Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn pàápàá, èyí tó ń lọ kó àwọn àgbàlagbà ní Ellenwood, kọ̀, kò stáàtì fún ọjọ́ Ìsinmi méjì léra wọn, àwọn ìyá arúgbó sì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́ títí ìsìn fi parí. Rewáyà ìjọ ni Bámgbóyè. Ojú tì í ju bó ṣe lè sọ lọ, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ẹni tó ru òrí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lóòrùn. Ó ti ń bá oòrùn jà nítorí òrí láti ọjọ́ yìí wá. Ọjọ́ kan ló dúró síwájú Camry rẹ̀, tó ń wo òrí tó ń ṣàn lọ lára bátìrì, ó wá bi ara rẹ̀ pé, bó bá ní ibi tí òrí yìí ń ṣàn lọ ńkọ́?

Ó yọ́ òjé bí Bàbá ṣe ń yọ́ ọ, ó fi da orí tẹ́mínà tuntun, irin tó ń so wáyà mọ́ orí bátìrì. Ó ṣe ihò sórí rẹ̀ bí ife kékeré, ó kún ife náà fún òrí, ó fi ìdérí dé e. Nísàlẹ̀ ife, ó fi òrùka aṣọ òwú nínípọn yí ọrùn bátìrì ká. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, òrí á yọ́, á sọ̀ kalẹ̀ wá mu nínú aṣọ. Bó bá tutù, á dì síbẹ̀, á dí ẹnu ásíìdì pa. Bí ti ìsàlẹ̀ bá gbẹ, ti òkè á tún sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn tó ti ń fi òrí ṣòfò wá di ẹni tó ń pín in. Oṣù kẹwàá ló fi í sínú ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi di oṣù kejì, ọkọ̀ náà kò tíì já ìyá arúgbó kankan kulẹ̀, orí bátìrì sì mọ́ bí ìgbà tí wọ́n rà á.

Kí ni Kristẹni ọmọ Yorùbá ń ṣe bí Ọlọ́run bá ṣe nǹkan fún un? Á jẹ́rìí. Bámgbóyè lọ kọ orúkọ sílẹ̀.

Nínú ìjọ wọn ní Stone Mountain, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí, Díákónẹ́ẹ̀sì Bọ́sẹ̀ ló sì ń ṣọ́ àkókò. Obìnrin náà kì í ṣeré. Ó ní agogo kékeré kan lọ́wọ́, ó ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ sí. Bí ìṣẹ́jú méjì bá pé, á lu agogo, èèyàn á sì sáré sọ pé "ẹ bá mi yin Olúwa," á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń ya fídíò ń gbé gbogbo rẹ̀ sórí Facebook bó ṣe ń lọ.

Bámgbóyè gun orí pẹpẹ pẹ̀lú tẹ́mínà náà lọ́wọ́. "Kì í ṣe èmi ló ṣe é o," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Ọlọ́run ló ṣe é, ọ̀gá mi Bàbá Sàlímátù ló kọ́ mi." Ìjọ kígbe halelúyà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti Ìwó. Nígbà tí agogo àkọ́kọ́ dún, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìdérí bátìrì ni. Ó gbọ́ agogo náà, ó tilẹ̀ kí Díákónẹ́ẹ̀sì, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Agogo kejì bá a lórí ooru Georgia. Agogo kẹta dún nígbà tó gbé ife òjé náà sókè, tó ṣí i, tó ń fi ìka hàn wọ́n bí òrí ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin ìdúpẹ́ jẹ́jẹ́ láti lé e sọ̀ kalẹ̀. Yéjídé ti fi ìwé ètò ìsìn bojú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń pè é ní Uncle Eleven Minutes, òun náà á sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ ẹ̀rí náà ló sọ fún un pé kó lọ gba pátẹ́ǹtì, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí fún èèyàn pé òun ló kọ́kọ́ ronú kan nǹkan, pé fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n júwe lọ́yà kan fún un tó ń ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ní Akíntóyè lorúkọ rẹ̀. Atlanta ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó mọ kúnlẹ̀ kí àgbà.

Nígbà tí Tẹ́ní ṣàlàyé fún un pé òfin fẹ́ kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láìfi ohunkóhun pamọ́, débi pé rewáyà mìíràn lè kà á kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ẹnu ya Bámgbóyè.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Everything, Uncle. Tí ẹ bá fi nǹkan pamọ́, wọn ò ní fún yín."

Bámgbóyè jókòó, ó ń wo ọmọ náà. Láti ọjọ́ tó ti dáyé ni wọ́n ti ń lu agogo fún un, àṣé ìjọba kan wà tó ń wá irú òun. Ó tún rántí pé, "Sún mọ́bí, wá wò ó dáadáa." Òfin àwọn ará ibí yìí àti ọkùnrin tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀wé ní Ìwó ń sọ ohun kan náà. Ó wọ̀ ọ́ lára, ó ní kí Tẹ́ní máa kọ ọ́. Oṣù kẹjọ ni wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́.

Èsì rẹ̀ gba ọdún méjì, kò sì dára. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò sọ pé iléeṣẹ́ ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn ti fi irú tẹ́mínà bẹ́ẹ̀ han gbogbo ayé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní oṣù karùn-ún, oṣù mẹ́ta kí Bámgbóyè tó kọ̀wé. Kì í ṣe pé wọ́n jí i. Ọgbọ́n lè bá ẹni méjì lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ayé bá kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni òfin máa ń wò.

Tẹ́ní pè é wá sí ọ́fíìsì. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú. Kí ẹ tó wá bá mi, ṣé ẹ fi han ẹnikẹ́ni?"

Bámgbóyè rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ló tú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Tẹ́ní di orí mú. "To the whole church?"

"Àti Facebook."

"Uncle! Oṣù wo?"

"Oṣù kejì ni. Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́."

Tẹ́ní ka oṣù lórí ìka, ó dìde dúró, ó jókòó, ó tún dìde. Òfin kan wà. Bí ẹni tó ṣe nǹkan bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fáyé gbọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́, tí kò sì ju ọdún kan lọ kó tó kọ̀wé sí ìjọba, ti ẹlòmíràn náà kò lè pa á lára. Oṣù kejì ṣáájú oṣù karùn-ún. Láti oṣù kejì dé oṣù kẹjọ kò tó ọdún kan. Ẹ̀rí tí wọ́n fi ń ṣe Bámgbóyè yẹ̀yẹ́ ló kù tó lè gbà á là. Wọ́n wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ògbufọ̀, wọ́n yí ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ránṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ náà dáhùn pé òun ti kà á. Ó ní kí wọ́n wo ohun tí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níbẹ̀rẹ̀: kì í ṣe èmi ló ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n orí mi, ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Ó ní ẹni tó ṣe nǹkan nìkan ni ìjọba ń fún ní pátẹ́ǹtì, èyí sì ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun kọ́. Wọn kò ní fún un.

Nígbà tí Bámgbóyè délé, tó sọ ọ́, Yéjídé kò lè pa á mọ́ra. "Daddy Nathaniel, ẹyin lohùn. Mo ti ń sọ fún yín. Ta ló bi yín pé ta ló kọ́ yín?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó jáde lọ sídìí ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé sí àgbàlá rẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣí iwájú rẹ̀, ó ń wo orí bátìrì tó mọ́ tónítóní. Kò sí ẹni tó máa rí nǹkan yìí tí kò ní sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, àfi bí wọ́n bá gba ẹnu òun gbọ́.

Ohun tó kù ni kí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú àwọn adájọ́ mẹ́ta tó ń gbọ́ irú rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, Tẹ́ní ní kí wọ́n fi ìwé ìbúra kan sínú fáìlì. Ó gbé e wá sílé wọn fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ.

"Uncle, it's very short. Ẹ kàn máa sign ẹ̀ ni."

Ìwé náà sọ pé Bámgbóyè nìkan ló ronú kan nǹkan náà, pé ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sàlímátù kò kọ́ ọ ní ohunkóhun tó jẹ mọ́ ọn. Bámgbóyè kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Tẹ́ní, mi ò lè sign èyí."

"It's just legal language, Uncle. Kò sí ẹni tó ń bú Bàbá."

"Wọ́n ní kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ta ló kọ́ mi pé ásíìdì ń mí? Ta ló fi òrí sí mi lọ́wọ́? Ọmọ mi, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọkùnrin yẹn ti kú, kò lè wá jà fún ara ẹ̀. Kí n wá búra ní Amẹ́ríkà pé kò kọ́ mi ní nǹkan kan?"

"Then we might lose. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ lè pàdánù ẹ̀ pátápátá."

"Mo gbọ́."

Tẹ́ní mí kanlẹ̀, ó mú bírò. "Okay. Kí ni full name Bàbá, at least?"

"Bàbá Sàlímátù."

"Uncle, that's not a name."

Ọdún mẹ́fà ni Bámgbóyè fi sin ọkùnrin náà, kò pè é lórúkọ rí. Ta lòun tí òun ó pe ọ̀gá òun lórúkọ? Ó lè bi Sàlímátù fúnra rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Ìwó, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà fún un. Kò fẹ́ kó gbọ́ pé orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń dí òun lọ́nà. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Tẹ́ní, kọ ohun tí mo bá sọ. Mo máa sọ èyí tó jẹ́ ti Bàbá, mo máa sọ èyí tó jẹ́ tèmi. N kò ní fi ọ̀kan kún ìkejì."

Tẹ́ní wo Yéjídé, bí ẹni pé kó bá òun bẹ ọkọ rẹ̀ kó gé e kúrú. Yéjídé ti ń fọ abọ́ láti ìgbà yìí. Ó nu ọwọ́, ó fa àga, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Jẹ́ kó sọ ọ́," ló wí. "Jẹ́ kó sọ gbogbo ẹ̀."

Wákàtí méjì ó lé ni wọ́n lò. Bámgbóyè sọ ohun tí Bàbá kọ́ ọ, títí dé orí bí ìka rẹ̀ ṣe ń rìn lórí bátìrì. Ó sọ ìgbà tó dúró síwájú Camry, ó sọ ife, ó sọ aṣọ òwú, ó sọ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tó dà á tí kò bára mu. Ìwé gbólóhùn márùn-ún péré tí Tẹ́ní gbé wá di ojú ìwé mọ́kànlá. Díákónẹ́ẹ̀sì Bọ́sẹ̀ náà búra tirẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọjọ́ náà gan-an, ní gbangba, ni wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó sì wà níbẹ̀ rèé: "Bro. Ọlágúnjú. Bẹ̀rẹ̀ 11:04. Parí 11:15. Agogo ìgbà mẹ́ta. Kò gbọ́."

Wọ́n dúró fún ọdún kan àti oṣù mélòó kan. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é. Bámgbóyè wọ súùtù tó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ Nathaniel, ó jókòó sí ẹ̀yìn Tẹ́ní níbi tí ojú ẹ̀rọ kò ti rí i. Tẹ́ní ti kìlọ̀ fún un pé lọ́yà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pé òun kò gbọ́dọ̀ sọ gbólóhùn kan. Yéjídé fi áńkáṣíìfù méjì sí i lápò, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ jáde kó fi ọ̀kan dí ẹnu.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta jáde sójú ẹ̀rọ, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun. Ìwé pọ̀ níwájú wọn. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún Tẹ́ní, àkókò náà sì ń yí lọ lójú gbogbo wọn láìsí agogo. Bámgbóyè rí i, bí obìnrin náà ṣe gbé ìwé rẹ̀ sókè, pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ ló wà níbẹ̀. Ó ti fi gègé aláwọ̀ ewé fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kiri. Ìjọba tó tóbi tó yìí, tó ní ọkọ̀ òfúrufú àti ọkọ̀ ojú omi, ti rán èèyàn mẹ́ta jókòó láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti òrí.

Adájọ́ obìnrin náà ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní bí ọkùnrin yìí bá ṣe é, kí ló dé tó fi kọ́kọ́ sọ pé òun kọ́ ni òun ṣe é?

Tẹ́ní ti kọ ìdáhùn tó gùn sílẹ̀, tó kún fún ẹjọ́ àtijọ́. Kò wo ìwé. Ó ní, bí wọ́n bá yin ìyá òun pé ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, á ní kì í ṣe òun, Ọlọ́run ni. Kò sì sí ẹni tó torí ìyẹn fi ìyá òun sílẹ̀ kó lọ bi Ọlọ́run pé ata mélòó ló wà nínú ọbẹ̀. Ó ní nílé tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, ẹni tó bá mọ nǹkan ṣe gan-an ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń pariwo pé èmi ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé, ó ní òun ò dúró síbẹ̀rẹ̀, òun kà á dé ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Ó gbé awò ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ Bámgbóyè jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Ibẹ̀ ni Bámgbóyè ti gbé ife náà sókè níjọ́sí tí agogo kẹta ń dún, tó sọ pé, "Òrí ni ti Bàbá. Bàbá ò mọ ife, Bàbá ò mọ aṣọ òwú. Òrí ni ti Bàbá, ilé tí òrí ń gbé ni tèmi."

Ó sọ ìwé náà kalẹ̀, ó béèrè pé, ká ní wọ́n ti mú un sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé ńkọ́?

"Then we would have nothing, Your Honor," ni Tẹ́ní wí.

Adájọ́ náà ní òun rí i pé Díákónẹ́ẹ̀sì sa gbogbo ipá rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Bámgbóyè kò lè rẹ́rìn-ín. Omi ti bò ó lójú, ó ti fi áńkáṣíìfù kan dí ẹnu, ó ń fi ìkejì nu ojú. Ọ̀rọ̀ òrí tí Bàbá kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìwó, nígbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n, ti ẹnu obìnrin olórí funfun jáde ní Amẹ́ríkà, kò sì yingin.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Tẹ́ní wa mọ́tò wá sí Riverdale fúnra rẹ̀. Ó bá Bámgbóyè níbi tó sùn sábẹ́ mọ́tò oníbàárà. Kò dúró kó jáde tán. "Reversed!" ló pariwo. "Uncle, reversed! Wọ́n ní ẹni tó kọ̀ ọ́ ṣì í. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Wọ́n gbà!"

Bámgbóyè jáde pẹ̀lú òróró lójú, ó jókòó sórí táyà. Ó na ọwọ́, ó rántí pé ọwọ́ òun dọ̀tí, ó lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ìwé náà. Ojú ìwé méjìlá ni. Àmì ẹyẹ idì ìjọba wà lórí rẹ̀. Ó ń ṣí i lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ojú ìwé keje, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ó kà á tán, ó sì kọ́kọ́ pe Yéjídé níbi iṣẹ́. Yéjídé ké tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rò pé aláìsàn kan ló kú. Lẹ́yìn náà ló pe Ìwó.

Ọjọ́ ti rọlẹ̀ níbẹ̀. Sàlímátù ti dé láti iléèwé, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí Bámgbóyè fi kúrò lọ́dọ̀ wọn, bọ̀ọ̀dá ló sì ń pè é títí dòní. Bámgbóyè sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ kò ní bi mí pé wákàtí mélòó. Sàlímátù ń sọ pé ẹ kú oríire, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ ẹ pẹ́ nídìí ẹ̀.

"Sàlímátù, wọ́n dárúkọ Bàbá níbẹ̀."

"Níbo, bọ̀ọ̀dá?"

"Nínú ìwé ìjọba. Ìwé tí àwọn adájọ́ kọ. Wọ́n ní ohun tí Bàbá kọ́ mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ìtìjú, wọ́n ní mo sọ òtítọ́."

"Bàbá wa ò lè kọ orúkọ ara ẹ̀," ni Sàlímátù wí. "Èmi ni mo máa ń di ìka ẹ̀ mú sórí ìwé. Orúkọ wo ni wọ́n kọ?"

"Jẹ́ kí n kà á fún ẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́." Bámgbóyè tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó kà á: "'Appellant learned the use of shea butter from his late master, the father of Salimat.'"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró ná." Ìwé já bọ́ nílẹ̀ lọ́hùn-ún. "Èmi ni Salimat yẹn?"

"Ìwọ ni."

"Orúkọ mi ni wọ́n fi pe Bàbá?"

"Òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sí."

Ẹkún gbà á. Bámgbóyè dúró dè é, Tẹ́ní sì kọjú sí ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo táyà. Nígbà tí ohùn Sàlímátù padà, ó ní kí bọ̀ọ̀dá jọ̀ọ́ bá òun tún un kà. Ó tún un kà. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ojú ìwé náà, kó rọra máa kà á, kó má fo nǹkan kan. Bámgbóyè jókòó dáadáa sórí táyà, ó sún awò ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kò sì sí ẹni tó lu agogo.